Bàbá mi fẹ́ jẹun níta gbangba bíi ti ayé ọjọ́un: ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àbẹ̀kẹ́_Ìjàpọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síbí. Bàbá mi á pé ẹni ọdún 76 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi ń rìn, a dúpẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe fún wọn, mo ti ń ṣírò owó aṣọ lọ́kàn ara mi. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ aṣọ, àwọn ò fẹ́ kéèkì. "Ṣáà mú mi lọ síbi tí mo ti lè jókòó sábẹ́ igi, kí n jẹ iyán, kí àwo máa kọrin, kí ẹnì kan má sì wá lé mi dìde."

Ibi tó sọ sí mi lọ́kàn wà lọ́nà Ọba-Ilé. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá á ti rí i: iwájú ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà kan ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí nígbà náà ni wọ́n ti ń gbowó báyìí. Gbogbo tábìlì ló wà ní gbàgede lábẹ́ igi máńgòrò. Abọ́ tánganran ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ, inú ìgò ni ẹlẹ́rìndòdò wọn wà, kì í ṣe ike. Ẹ̀rọ ìkọrin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń lo iná, èkejì sì jẹ́ gírámófóònù aláyí tó ya ẹnu gbàgà bí òdòdó. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká má purọ́, fọ́tò la yà jù, ọbẹ̀ tutù sójú wa.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ìgbà wo ló dáa jù láti mú àgbàlagbà lọ sírú ibẹ̀? Kí ni ká ní kí wọ́n gbé wá? Bàbá fẹ́ gbé àwo tiwọn láti ilé lọ, ṣé kò ní dìjà? Ẹ̀fọn ńkọ́? Òjò ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n mú wọn lọ síbi adìyẹ díndín tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bàbá ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń wọ orúnkún àwọn.

Iyán_Loúnjẹ

Ẹ kú oríire Bàbá, wọ́n á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Ẹ fi Sátidé sílẹ̀ o. Sátidé làwọn tó ti òde ìnáwó bọ̀ máa ń ya bo gbogbo ibi tí igi bá wà nílùú yìí. Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Oòrùn á ti rọlẹ̀, ẹ̀fọn ò sì tíì jáde. Ìdí mìíràn tí mo fi mú aago yẹn ni iyán. Ibi tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gúnyán lójúmọ́, ti àwọn tó ń jẹun ọ̀sán, àti ti àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ní aago mẹ́ta, iyán ọ̀sán tó ṣẹ́ kù sínú kúlà ni wọ́n máa gbé fún yín. Ó ti làágùn nínú ọ̀rá, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí àtè. Ẹ má bèèrè pé "ṣé iyán gbóná?" Kò síyán inú kúlà tí kò gbóná. "Ìgbà wo lẹ gún un?" ni kẹ́ ẹ bèèrè. Èyí tó sàn jù ni pé kẹ́ ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ odó. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ gbì, gbì, tó wá dákẹ́, ẹ ránṣẹ́.

Oṣù kẹwàá la wà yìí, iṣu tó kọ́kọ́ jáde lóṣù keje ti sinmi díẹ̀, omi inú ẹ̀ ti dín, ó ti ń ṣeé gún. Ká ní oṣù kẹjọ lẹ béèrè ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ mú Bàbá lọ jọkà.

Ẹ bèèrè iye ẹran kọ̀ọ̀kan kí ṣíbí tó wọ ìkòkò. Mi ò ní í ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ka gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti dárúkọ àsun. Ẹ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àgbàlagbà níta gbangba, lábẹ́ igi, kò sì sí àsun ńbẹ̀? Ẹ gbé Bàbá wá sí Oǹdó, kì í gbà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ láti Àkúrẹ́. Ilé àsun nibí.

Tẹ́ ẹ bá taku pé Àkúrẹ́ náà ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń mọ ojúlówó, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn káàkiri, ẹran bíbọ̀ tí wọ́n wá dín, tí wọ́n yí mọ́ ata ni. Àsun, bó ṣe ń jẹ́ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ewúrẹ́ ni. Orí iná ni wọ́n ti ń fá irun ẹ̀, awọ ẹ̀ á wà lára ẹ̀, wọ́n á sun ún títí ọ̀rá á fi máa kán sínú iná, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i lórí iná díẹ̀. Kó tó dẹ́nu, èéfín ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kí i yín. Tẹ́ ẹ bá rí i tí omi ọbẹ̀ wà nísàlẹ̀ abọ́, ẹ dá a padà.

Nítorí eyín Bàbá, ẹ ní kí wọ́n mú ibi itan, kí wọ́n gé e kéré. Ẹ sì jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ síbi iná, ẹ má jókòó síbi tó ń fẹ́ bọ̀. Èmi jókòó síbi tí kò yẹ lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ní kí n bọ́ agbádá sílẹ̀ síta kí n tó wọlé.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ ò ní í pa wá! Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́bọ̀ náà ni a ó lọ. Ọ̀rọ̀ àwo ni kẹ́ ẹ bá mi dá sí, torí Bàbá ti ń nu eruku ara wọn látàná.

Atúnrédíò_Aràkàlẹ̀

Èmi ló yẹ kí n dá sí ìyẹn. Mo ti ń tún ẹ̀rọ ìkọrin ṣe kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ fóònù alágbèéká nílùú yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú àwo tí Bàbá ní. Oríṣi méjì lẹ máa rí nílé àwọn àgbà. Àwo dúdú tó wúwo, tó nípọn, tó máa ń fọ́ bí abọ́ amọ̀ tó bá bọ́, tó jẹ́ pé orin kan ṣoṣo ló wà lójú kọ̀ọ̀kan, òun ló ń yí ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti gírámófóònù aláyí nìyẹn. Èkejì fúyẹ́, ó máa ń tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mú un, wọ́n sì máa ń kọ 33 tàbí 45 sára ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo iná ló ni ín. Ẹ fọkàn sí èyí o: ẹ ò gbọdọ̀ gbé àwo 33 sórí gírámófóònù aláyí láéláé. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ irin ni, apá tó gbé e dání sì wúwo. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá kọ ọ́, ó ti ha orin kúrò lójú àwo nìyẹn, kò sóògùn ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nírú ibi báyìí kì í mọ ìyàtọ̀. Wọ́n á rí àwo, wọ́n á rí ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e lé e.

Gírámófóònù aláyí ò fẹ́ iná ìjọba, kò fẹ́ jẹnẹrétọ̀. Sìpíríǹgì ló wà nínú ẹ̀, ẹ ó yí i lọ́wọ́ bí ẹni ń lọ ata. Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn ojú àwo kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń lò láti ọdún tó kọjá, ẹ jẹ́ kí àwo Bàbá wà nínú àpò ẹ̀.

Èyí tó kù: ẹ má fi àwo sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú oòrùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó láti mú kó ká kò. Mo ti rí àwo olówó iyebíye kan tó wé bí etí erin torí pé ọmọ ní òun fẹ́ yára ra búrẹ́dì.

Dẹ́rẹ́bà_Ìsìnkàn

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bọ́lẹ́kájà tó wà níbẹ̀ yẹn, ṣé ojúlówó ni àbí àwọn wẹ́dà ló jó o pọ̀? Mo ti kọjá ńbẹ̀, ojú ọ̀nà ni mo gbájú mọ́, mi ò ráyè wò ó.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó wọ̀ mí lójú ni pé ìyà wa lẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà, tẹ́ ẹ wá ń sanwó láti yà á ní fọ́tò.

Mo wọ bọ́lẹ́kájà láti Àkúrẹ́ dé Iléṣà ní 1968. Pákó lásán ni wọ́n fi ṣe ìjókòó, kò ní ẹ̀yìn, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún kọjú sí ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì, orúnkún yín á máa jà. Kí lẹ rò pé wọ́n fi ń pè é ní bọ́-sílẹ̀-ká-jà? Eruku á wọlé láti iwájú, á gba ẹ̀yìn jáde. Obìnrin kan gbé adìyẹ mẹ́fà sórí ẹsẹ̀ mi títí a fi dé Ìgbàrà-Òkè. Kí ẹnì kan má wá sọ fún mi pé òun fẹ́ padà síbẹ̀.

Àmọ́ mo mọ ohun tí Bàbá yín ń wá, torí èmi náà ń wá a. Nígbà yẹn, tó o bá jókòó sídìí oníyán, kò sẹ́ni tó ń gbé bíìlì ka iwájú ẹ kó o tó fọwọ́ nù. O lè jókòó, kó o ka ìwé ìròyìn tán, kó o bá ẹni tó ò mọ̀ rí jiyàn lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú, kó o sì mumi lẹ́ẹ̀kẹta. Tábìlì ò kánjú.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ìyá kíyè sí ni àga. Irú ibi tí wọ́n ti ń ṣe ayé àtijọ́ yìí fẹ́ràn bẹ́ǹṣì tí kò lẹ́yìn, torí ó dáa nínú fọ́tò. Ẹni ọdún 76 ò lè jókòó sórí pákó fún wákàtí méjì. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí kò bá sí àga tó lẹ́yìn, ẹ gbé ọ̀kan látilé, kò sí òfin tó kọ̀ ọ́.

Wọ́n sọ fún mi pé pátákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "iyán kan, sísì kan" sí. Ẹ̀rín ni. Nígbà tí a gba náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì kan sì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Ẹ fi kọ́bọ̀ márùn-ún lọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ wo ojú wọn.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjàpọ̀

Ẹ ṣé, sà. Mo rí "ìyá" tẹ́ ẹ pè mí, mi ò tíì pé ogójì ọdún o. Mo ti kọ ti àga sílẹ̀.

Ará_Texas_Ọmọ_Òkè-Àró

Ẹ kú ilé gbogbo yín. Ọmọ Òkè-Àró ni mí, Texas ni mò ń gbé báyìí. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́nà Ọba-Ilé yìí, ọmọ ìyá ohun tí wọ́n ń pè ní diner níbí ni, ìtàn tiwọn náà sì tinú kẹ̀kẹ́ wá. Ní 1872, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Scott, ní ìlú Providence ní Rhode Island, fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ lóru fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, torí gbogbo búkà á ti tì nígbà táwọn yẹn bá jáde iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ebi alẹ́ ni, bí ẹni tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu géètì FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n tú kẹ̀kẹ́ kúrò, wọ́n gbé ilé oúnjẹ náà kalẹ̀ gbọin, àmọ́ wọ́n ṣì ṣe é kó rí gbọọrọ bí ọkọ̀. Nígbà tó di 1921, níbí ní Texas, lójú ọ̀nà tó ti Dallas lọ Fort Worth, ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Pig Stand bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá bá èèyàn nínú mọ́tò ẹ̀. O ò ní í sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé e á fò lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó tó dúró.

Mo mú ìyá ìyàwó mi lọ sírú ẹ̀ nígbà tí wọ́n wá kí wa. Àga pupa, irin tó ń dán, àpótí orin tí wọ́n ń sọ owó sí. Màmá ò wo ọ̀kankan. Wọ́n wo adìyẹ inú abọ́ wọn, wọ́n ní "ta ló jẹ ìyókù?"

Ohun tó mú mi sọ gbogbo èyí: ẹ bèèrè bóyá wọ́n á gbà kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ wọ inú gbàgede, kẹ́ ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín. Bí òjò bá dé lójijì, tàbí tí ẹ̀yìn bá ń dun Bàbá, wọ́n á wọnú mọ́tò, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, tíréè á wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Òjò Ọ̀wàrà kì í kìlọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún

Ṣé àsun wà ní Texas?

Ará_Texas_Ọmọ_Òkè-Àró

Ẹran màlúù ni wọ́n ń fi èéfín sè níbí, odindi òru ló ń lò lórí iná. Kò láta. Mo máa ń gbé ata gígún dání nínú àpò.

Nọ́ọ̀sì_Alágbàká

Ẹ má bínú o, èmi ni mo máa ń ba fàájì jẹ́.

Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ibi tí wọ́n bá ti gbé abọ́ omi kan kalẹ̀ kí gbogbo tábìlì máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi bùtà da omi sí i yín lọ́wọ́, ẹ sì mú ọṣẹ dání. Bùtà gan-an jẹ́ ara ayé àtijọ́, kò ní í ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá wa ò ka oúnjẹ ìta kún nǹkan kan tí kò bá sí òkété ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ wa wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó bá kó o. Èkúté kan tó ń wọlé wọ oko ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ ló ń kó bá oúnjẹ. Ó máa ń pọ̀ sí i bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, èyí tó túmọ̀ sí pé àsìkò ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ fi eku sílẹ̀, ẹ jẹ ewúrẹ́. Ẹ yọjú wo ibi ìdáná: bí gààrí àti èlùbọ́ bá wà nínú ohun tó ní ìdérí, ọkàn mi balẹ̀. Bó bá jẹ́ inú àpò tó ya ẹnu sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ni, ẹ mu ẹlẹ́rìndòdò yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Tí Bàbá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan tún da iyọ̀ sí àsun. Fún ẹ̀fọn, ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀sẹ̀. Ó tán.

Tọ́pẹ́_Géètì_Gúúsù

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò kí oúnjẹ tó dé. Ẹ gbé Bàbá síwájú ọkọ̀ yẹn ní aago márùn-ún, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á wá láti ẹ̀gbẹ́, ojú wọn á hàn dáadáa. Fọ́tò mẹ́ta, ó parí. Tí iyán bá ti dé, kí gbogbo fóònù wọ àpò.

Ẹ sì mú owó dání díẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa ní apá ibẹ̀. Mo san owó ẹran nípa ṣíṣe tìránsífà, àláàtì ò wọlé fún wọn, wọ́n jẹ́ kí n jókòó fún ìṣẹ́jú ogójì bí ẹni tó jalè.

Iyán_Loúnjẹ

Ogójì? Ìwọ ló kánjú. Tábìlì ò kánjú, Olùkọ́ ti sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ jókòó.

Mo lọ wo ibẹ̀ ní Ọjọ́rú bí Olùkọ́ ṣe wí. Bẹ́ǹṣì nìkan ló wà níta lóòótọ́. Mo bẹ ọmọkùnrin tó ń mójú tó ibẹ̀, ó lọ gbé àga onírọ̀gbọ̀kú kan jáde láti yàrá ọ̀gá ẹ̀, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá sọ fún gbogbo yín.

Lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú ogún la dé. Bàbá ò tíì jókòó tí wọ́n fi lọ síbi bọ́lẹ́kájà yẹn. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbá a, wọ́n wo abẹ́ ẹ̀. Wọ́n wá wo inú ibi tí wọ́n ti ń gbowó, wọ́n ní, "Ojúlówó ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà." Dẹ́rẹ́bà Ìsìnkàn, èsì yín nìyẹn. Bàbá ní ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà la ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, pé àwọn wà lójú títì lọ́jọ́ tí wọ́n yí i padà, àwọn dẹ́rẹ́bà ń wakọ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Ọmọ tó ń gbowó, tí mo rò pé kò tíì pé ogún ọdún, jáde wá gbọ́. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń jókòó sínú ọkọ̀ náà, òun rò pé wọ́n kàn ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ẹwà ni.

A gbọ́ odó. Mo ránṣẹ́. Iyán dé bí ìkùukùu, ó ń rú èéfín, pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́, àti ẹran ewúrẹ́. Mo ti bèèrè iye ẹran tẹ́lẹ̀, ẹ kú ọgbọ́n. Àsun náà dé. Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, ó gbẹ, kò lómi nísàlẹ̀, awọ wà lára ẹ̀. Bàbá jẹ márùn-ún, wọ́n ní ata ẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ, wọ́n sì ń nu omi ojú.

Àwo wá kù. Méje ni Bàbá gbé lọ, márùn-ún jẹ́ 33, méjì jẹ́ èyí tó wúwo yẹn. Inú kúlà tó ṣófo ni mo kó wọn sí, oòrùn ò fojú kàn wọ́n. Ọmọ kan ti gbé àwo 33 kan lọ sídìí gírámófóònù aláyí, ó ti gbé apá ẹ̀ sókè. Mo pariwo débi pé àwọn tó wà lọ́nà wẹ̀yìn. Atúnrédíò, ẹ gba àwo yẹn là, èmi kàn ṣojú yín níbẹ̀ ni. Wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ oníná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Bàbá pajú dé. Mi ò rí wọn kí wọ́n pajú dé síbi oúnjẹ rí.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀, òjò. Ará Texas, ìkìlọ̀ ẹyọ kan kò sí, bẹ́ ẹ ṣe wí náà ni. Bí òjò ṣe dé ni iná lọ, tí àwo dúró láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, ó kọ̀. Wọ́n fà á, ó kọ̀. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì ti ń dìde, mọ́tò wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé." Wọ́n ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé abọ́ iyán wọn dání, wọ́n rìn lọ sábẹ́ páànù níbi tí gírámófóònù wà, wọ́n bi ọmọ náà pé ṣé ó ní abẹ́rẹ́ tuntun. Ó ní méjì ló kù nínú agolo. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n yí i fúnra wọn, kì í kì í kì í, wọ́n gbé àwo tó wúwo lé e.

Ẹ̀yin èèyàn, ohùn ẹ̀ ò dún púpọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin nínú ìkòkò. Òjò ń bá a du orí páànù. Gbogbo àwọn tó fẹ́ lọ sílé bá sún mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́, ni a bá di èèyàn bíi mẹ́tàdínlógún lábẹ́ páànù kan, oníyán, alásun, ọmọ tó ń gbowó, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, gbogbo wa ń tẹ́tí. Ìyàwó kan fa àsun tiẹ̀ yọ, ó ní kí Bàbá mú. Nígbà tí orin tán, Bàbá yí àwo padà sójú kejì, wọ́n ní kí ọmọ náà yí i báyìí. Ó yí i. Bàbá padà sídìí iyán wọn, ó ti tutù, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Fọ́tò ńkọ́? Ọ̀kan la rí yà, Tọ́pẹ́ má bínú. Ẹ̀yìn Bàbá ló wà ńbẹ̀.

Àláàtì ò wọlé. Owó tí mo mú dání ni mo san.

Nọ́ọ̀sì_Alágbàká

Ṣé wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó padà sídìí iyán?

Àbẹ̀kẹ́_Ìjàpọ̀

Òjò ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, mà.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún

Ọdún 77, Oǹdó ni o. Mo ti ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjàpọ̀

Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní ṣé ẹ ní gírámófóònù.

Atúnrédíò_Aràkàlẹ̀

Mo ní agolo abẹ́rẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Kí ọmọ náà wá gbà á ní Aràkàlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mi ò gbowó. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé tó bá ti ń yí i tó sì rí i pé ó ti le, kó dúró. Sìpíríǹgì yẹn, tó bá já, kò sẹ́ni tó lè rí òmíràn rà ní gbogbo Àkúrẹ́.